Iná Kò Dé Oko Mi, Èéfín Rẹ̀ Ló Dé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í kọ̀wé sí ìwé ìròyìn. Kíkà ni tèmi. Ọmọ tó ń tà á ní Tàkì máa ń bá mi fi ẹyọ kan pamọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí n ò bá sì tètè dé, á gbé òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ohun tó mú mi wá bírò lọ́tẹ̀ yìí ni lẹ́tà ọmọ wa kan láti Ọ̀yọ́ tí ẹ tẹ̀ jáde. Ó ní ariwo tí à ń pa lórí sísun pápá ti pọ̀ jù. Ó ní ẹni tí iná bá jó oko rẹ̀ gan-an ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àwa yòókù tí èéfín lásán kọjá lórí oko wa, ká lọ jókòó, torí èéfín kì í jó igi, atẹ́gùn ni yóò gbé e lọ.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá mi lójú pé ọmọ náà kò tíì fi aṣọ funfun nu ewé kajú rí.

Ọdún 21 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ àgbẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọkọ mi lọ, kajú tó gbìn sọ́nà Ìkóyì-Ilé kù sí mi lọ́wọ́: éékà mẹ́rin, pẹ̀lú igi máńgòrò mẹ́fà tí kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó gbìn wọ́n. Àrójẹ ni mò ń gbé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yìnkùlé mi níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá, mo jáde lọ ká aṣọ tó sùn síta. Màjàlà ti bà lé gbogbo rẹ̀, òmíràn gùn tó ìka, ó fúyẹ́ débi pé bí èèyàn bá mí lé e lórí á fò. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa màjàlà: bí oko bá ń jó, òun ló ń ṣòfófó fún ará ilé. Mo fi aṣọ sílẹ̀ lórí okùn, mo gun ọ̀kadà, mo gba oko lọ.

Iná náà kò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fẹ́ kí ọmọ wa gbọ́ eléyìí dáadáa. Òdìkejì odò ló ti jó, ó tó máìlì kan sí mi, a sì ti ro etí oko yíká láti oṣù Ọ̀pẹ kí koríko má baà fa iná wọlé. Igi kan ṣoṣo kò jó. Ṣùgbọ́n èéfín ti wá sùn sínú oko. Ẹni tó bá mọ òwúrọ̀ ọyẹ́ á mọ ohun tí mò ń wí: òtútù á dì mọ́ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á wà lókè rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, èéfín tó bá sì há sábẹ́ ọmọrí yẹn kò níbi tí yóò gbà jáde àfi bí oòrùn bá mú. Lọ́jọ́ náà, oòrùn kò mú títí di ọ̀sán. Ó kàn pọ́n róbótó lókè bí ẹyìn, èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú.

Mo fa ẹ̀ka kan wálẹ̀. Òdòdó kajú kéré, kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó funfun. Tó bá tó ọjọ́ bíi mélòó kan, ìlà pupa tín-ín-rín á máa yọ lára rẹ̀. Lórí ẹ̀ka kan náà, akọ ló pọ̀ jù. Ìwọ̀nba ló ní akọ àti abo pọ̀, àwọn ìwọ̀nba yìí nìkan ló lè di èso, kòkòrò sì gbọ́dọ̀ gbé lẹ́búlẹ́bú dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó ṣeé ṣe. Lọ́jọ́ yìí, lẹ́búlẹ́bú tó wà lórí wọn, ti pápá ni. Mo fi etí ìborùn mi funfun nu ewé kan tó wà nísàlẹ̀ òdòdó náà. Ìborùn dúdú bí ẹni fi nu ìdí ìkòkò. Mo nu ewé kejì, ó rí bákan náà. N ò tíì fọ ìborùn yẹn dòní.

Lẹ́yìn náà ló tó yé mi pé oko dákẹ́ jù. Bí kajú bá tanná, tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, ohùn oyin ni yóò kọ́kọ́ kí ọ kó tó kan òórùn òdòdó. N ò gbọ́ ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé òtútù ọyẹ́ náà máa ń dá oyin dúró sílé, torí náà n ò tètè dájọ́. Lọ́jọ́ kẹta, afẹ́fẹ́ yí, ó gbá èéfín lọ. Òtútù kò dín. Àní ó tún le sí i. Mo bá oyin nídìí òdòdó.

Kò sì yẹ kó yani lẹ́nu. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé olóyin rí mọ̀ pé èéfín ni wọ́n fi ń tù wọ́n lójú. Bí ewu bá dé, oyin ní òórùn kan tó fi ń pe ara wọn sógun. Èéfín á bo òórùn náà mọ́lẹ̀, wọn ò ní gbọ́ ìpè ara wọn mọ́, wọ́n á sáré wọlé lọ máa mu oyin kún ikùn bí ẹni tó fẹ́ kó ẹrù sá. Oòrùn àti ìmọ́lẹ̀ ojú sánmà ni wọ́n tún fi ń mọ̀nà oko àti ilé. Ohun tí olóyin ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe, pápá ń fi odindi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é, lásìkò tí òdòdó là sílẹ̀ tó ń retí àlejò.

Ewé náà ńkọ́? Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ewé ní imú, abẹ́ ikùn rẹ̀ ni imú náà sì wà: àwọn ihò tín-ín-rín tí ojú lásán kò lè rí. Ibẹ̀ ló ń gbà mí, ibẹ̀ náà ló ń gbà fa afẹ́fẹ́ tó fi ń se oúnjẹ. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà wà nínú igbó igi páìnì lórí òkè, wọ́n ń wọn bí ewé ṣe ń mí. Wọn ò bá ti èéfín wá. Èéfín iná igbó ló wá bá wọn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó ṣú bolẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ewé, ewé kò mí. Ó ti pa ihò rẹ̀ dé, oúnjẹ sísè sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá. Nígbà tí wọ́n yí ooru àti ọ̀rinrin padà láti fipá ṣí i, òórùn tú jáde lára rẹ̀ lójijì, bí ẹni tó ti di èémí mú láti àárọ̀. Igi páìnì tí kò jóná nìyẹn o, tó dúró jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ níbi tí Ọlọ́run gbìn ín sí.

Gáàsì olóró kan tún wà tó ń jẹ́ ózóònù. Ọ̀pọ̀ ló mọ tòkè ọ̀run, èyí tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Tìsàlẹ̀ ni ọ̀tá. Iná kọ́ ló ń tú u jáde. Oòrùn ló ń sè é látinú àwọn gáàsì inú èéfín bí èéfín náà ṣe ń rìn lọ, nítorí náà oko tó jìnnà réré sí iná lè rí tirẹ̀ gbà. Imú ewé yìí náà ló ń gbà wọlé, á sì máa ba ara ewé jẹ́ nínú.

Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù lọ ni ti àwọn àgbẹ̀ California. Àwọn náà ń gbin igi eléso líle bíi tiwa: álímọ́ńdì, wọ́ọ́nọ́ọ̀tì àti písítáṣíò. Igi ní àká, ẹ jẹ́ kí n fi ti iṣu ṣàlàyé. Oúnjẹ tí ewé bá sè tí igi kò jẹ tán, ó ń kó o pamọ́ sínú ẹ̀ka àti gbòǹgbò; inú àká yẹn ló ti ń bù jẹ nígbà tó bá fẹ́ tanná lọ́dún tó ń bọ̀. Ní 2020, èéfín iná igbó bo àfonífojì wọn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì California ní Davis, tí wọ́n ti ń yẹ àká igi wọ̀nyí wò lóṣooṣù kí iná náà tó ṣẹlẹ̀, rí i pé àká kò kún bó ṣe yẹ. Nígbà tí ìkórè ọdún kejì dé, ọ̀pọ̀ oko pàdánù ìdá 15 sí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Oko wọn kò jóná. Ọdún ti yí, èéfín ti lọ, ẹnikẹ́ni kò rántí rẹ̀ mọ́, igi ló rántí. Kajú kì í wọ́wé tán bí àwọn igi yẹn, n ò sì ní parọ́ pé ìṣirò tiwọn ni tiwa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti kà á, n kì í wo ewé kajú lójú kan náà mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n gbèjà ọmọ wa díẹ̀, nítorí ẹjọ́ rẹ̀ dára ju bó ṣe rò ó lọ. Eérú tó ní ajílẹ̀ ni, òótọ́ ni: pòtásíọ́mù àti kálísíọ́mù inú koríko ń kù sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n náítírójìn tí àgbàdo ń wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ bá èéfín gòkè. Àwa la ó sì tún lọ ra àpò ajílẹ̀ òyìnbó láti dá a padà. Èéfín fẹ́lẹ́ pẹ̀lú kì í pa igi lára tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ewé abẹ́ tí kì í rójú oòrùn á sì rí díẹ̀ fi sebẹ̀. Ìgbà tó bá ki ni gbogbo wọn jọ ń pebi. Èéfín iná ńlá tó jó ní Ọsirélíà láàárín 2019 àti 2020 gba orí òkun lọ, irin inú rẹ̀ sì di oúnjẹ fún àwọn ewéko wíwẹ́ inú omi níbi tó jìn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Irúgbìn mìíràn tilẹ̀ wà tí kì í hù àfi tó bá gbóòórùn èéfín. Wọ́n ti fi èyí hàn ní Gúúsù Áfíríkà láti 1990. Ní 2004, àwọn onímọ̀ Ọsirélíà rí èròjà inú èéfín tó ń jí irúgbìn bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní karrikin, torí pé karrik ni àwọn Noongar, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ń pe èéfín.

Àní máńgòrò tó sọ Ògbómọ̀ṣọ́ di olókìkí wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Fílípìnì ti ń fi ewé tútù dáná sábẹ́ máńgòrò kí èéfín lè gun igi náà fún ọjọ́ púpọ̀ léra léra, kó lè tanná ṣáájú àsìkò. Gáàsì tó ń jẹ́ ẹ́tílínì ló ń ṣiṣẹ́ náà nínú èéfín, òun kan náà tó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a dì sínú àpò pọ́n. Ọmọ ilẹ̀ wọn kan, Ramon Barba, ló wá fi hàn ní àwọn ọdún 1970 pé fífọ́n iyọ̀ ajílẹ̀ kan tó ń jẹ́ pòtásíọ́mù náítíréètì sí ewé máńgòrò ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ṣé ẹ rí i, ọmọ wa ì bá mọ èyí, ì bá fi lù mí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ tí àwọn ará Fílípìnì fi mú un. Olóko ló ń dáná sábẹ́ igi ara rẹ̀. Ó ń dá a kí òdòdó tó yọ. Bí ojú òdòdó bá ti ń rú, á pa iná. Tiwa, ìgbà tí òdòdó ti là tán, tí oyin ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni èéfín elòmíràn ń wọlé láìkanlẹ̀kùn. Oṣù Ọ̀pẹ sí Èrèlé ni kajú ń tanná tó ń so, ìgbà yẹn náà ni máńgòrò, ìgbà yẹn náà ni igi ẹ̀mí tí àwọn obìnrin agbègbè Oríire wa fi ń ṣe òrí. Ìgbà yẹn gan-an ni a máa ń dáná sun pápá. Bí ẹni jókòó ṣètò rẹ̀ ni.

Nígbà tí èéfín Kánádà bo New York ní oṣù Òkúdù 2023, gbogbo ayé ló rí ojú ọ̀run tó di aláwọ̀ ọsàn. Fóònù ọmọ mi kún fún fọ́tò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ilẹ̀ tí iná ń jó láyé lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, Áfíríkà yìí ló wà. Tiwa kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ọyẹ́ ni wọ́n máa ń pè é. Eruku Sàhárà àti èéfín pápá á jọ para pọ̀, a ó fi òrí pa ètè, a ó ní ọyẹ́ ọdún yìí mà le o.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi lẹ́tà mi bú darandaran. Mo mọ ẹni tó dáná òdìkejì odò. Ọmọ àbúrò ọkọ mi ni. Ọ̀yà ló ń dọdẹ rẹ̀; ó dáná sí koríko, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ lúgọ níwájú, àwòdì ń fò lókè wọn wọ́n ń he tata. Ọ̀yà méjì ni wọ́n rí pa. Ó gbé itan kan wá fún mi nírọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ fi ṣe ọbẹ̀." Mo gbà á. Mo sè é, ó dùn. N ò ní parọ́ fún yín.

Nígbà tí a ṣa kajú tán lóṣù Igbe, òun náà ló wá bá mi di àpò. Lọ́dún tó ṣáájú, àpò 14 ni. Ó di ìkẹsàn-án tán, ó wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀yìn àtíbàbà, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti kó ìyókù wọlé ni?" Mo ní kó lọ bi ọ̀yà.

Kòkòrò jẹ níbẹ̀, mo mọ̀. Mo rí ẹ̀ka òdòdó tí kòkòrò fa oje rẹ̀ gbẹ. N ò di àpò márààrún ru èéfín. Ẹni tí iná jó oko rẹ̀ lè dúró kó nawọ́ sí eérú, kó sọ pé igi báyìí báyìí ni. Tèmi, kò sí eérú. Kò sí ẹni tó máa bá mi ka òdòdó tí oyin kò dé ìdí rẹ̀. Òun ni ọmọ wa fi rò pé nǹkan kan kò ṣe mí.

Ẹnikẹ́ni kò lè ní kí àgbẹ̀ má dáná láé. Èmi náà ń sun pàǹtí oko. Ọ̀yọ́ tó ti kọ̀wé gan-an, láyé àtijọ́, ọdún Bẹẹrẹ, ìyẹn ọdún gígé koríko bẹẹrẹ, ni wọ́n fi ń ka iye ọdún tí Aláàfin ti lò lórí ìtẹ́, koríko náà ni wọ́n sì fi ń bo ilé nígbà náà. Ìyá bàbá mi, ará Ọ̀yọ́ ni, máa ń sọ pé láyé ìgbà tiwọn kò sẹ́ni tó jẹ́ dáná sí pápá kí wọ́n tó gé bẹẹrẹ kúrò, pé ẹni tó bá ṣe é, àwọn àgbà ni yóò lọ rojọ́ níwájú wọn. N ò sọ pé ká dúró dìgbà tiwọn, nítorí kajú kò sí nínú ìṣirò wọn. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé pápá ní ọjọ́, ọjọ́ náà sì jẹ́ ti gbogbo ìlú.

Ní abúlé tí oko wa wà, a ti sọ ọ́ nípàdé. Ẹni tó bá fẹ́ sun pápá, ìparí oṣù Ọ̀wàrà sí ìbẹ̀rẹ̀ Bélú ni, kó kọ́kọ́ sọ fún olóko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn, koríko ṣì ní omi lẹ́sẹ̀, iná kì í ga, kì í sì í jìnnà. Bàbá kan dìde, ó ní koríko olómi máa ń rú èéfín ju gbígbẹ lọ. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n èéfín yẹn á bá kajú kó tó tanná, ọmọrí ọyẹ́ kò sì ní tíì bo ilẹ̀. Bó bá di Ọ̀pẹ, iná ti tán nìyẹn, tìtorí ọ̀yà ni o, tìtorí koríko tútù ni. Àwọn ọdẹ kùn. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán, a ó tún pàdé.

Ọmọ àbúrò ọkọ mi ti gbà láti gbé kẹ̀kẹ́ Màrúwà rẹ̀ kó omi lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ sun tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, Olóòtú, ẹ bá mi ké sí ọmọ wa tó wà ní Ọ̀yọ́. Mọ́tò Ìkóyì-Ilé kò wọ́n. Kó wá lóṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí kajú bá là, kó mú ìborùn ìyá rẹ̀ dání, funfun ni kó jẹ́ o.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníkajú,
Àrójẹ, Ògbómọ̀ṣọ́.